Ṣé kọnkéré tuntun tó sán lè jinná bí mọ́tò bá ṣì ń gba orí rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹnjiníà àti bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. A da kọnkéré sórí gọ́tà ẹnu ọ̀nà wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí típà tó ń kó iyanrìn fún aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá. Ó ti sán báyìí, tín-ín-rín bí irun orí.

Mo mọ̀ pé símẹ́ńtì tí omi ò tíì kàn nínú kọnkéré ṣì lè mu omi, kó sì dí ibi tó sán, bí kò bá ti fẹ̀ jù. Mo tẹ́ àpò kòkó lé e, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí táyà kì í tẹ̀, nǹkan funfun líle ti dí ojú ẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n lójú táyà, bí funfun yẹn bá ti ń dì, típà á kọjá, á tún là láàárín gan-an. Mo po símẹ́ńtì lásán kùn ún, ó ṣí kúrò.

Ṣé dídí yìí máa ń dá agbára kọnkéré padà, àbí kí omi má baà wọlé nìkan ló wà fún? Ṣé kí n dí ọ̀nà fún típà títí yóò fi pé ọjọ́ 28 tí wọ́n máa ń kà fún kọnkéré láti gbó, àbí ó ti pẹ́ jù?