Èsì sí Ẹ̀gbọ́n ará Àjàṣẹ́: "àtọwọ́dá" kọ́ ni orúkọ iṣẹ́ yìí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Àjàṣẹ́ kọ̀wé lánàá pé kí a máa pe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, afárá kékeré, ọkọ̀ alágolo, ohun tí atẹ́gùn ń yí, ní "iṣẹ́ àtọwọ́dá". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè dúró níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, kí n pè é bẹ́ẹ̀.

"Dá" yẹn ló ń dùn mí. Ọlọ́run ló dá ayé. Alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́, amọ̀kòkò mọ ìkòkò, ahunṣọ hun aṣọ, gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ère. Ta ló gbọ́ ọ rí pé alágbẹ̀dẹ dá ọkọ́? Bí ẹ bá ní "dárà" ńkọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dárà ti mọ iṣẹ́ tán kó tó dá a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì débẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, eyín àtọwọ́dá la máa ń wí, adágún àtọwọ́dá, òye àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà: ohun tí kì í ṣe ti àdáyébá. Bí òbí bá gbọ́ "iṣẹ́ àtọwọ́dá", kọ̀ǹpútà ni yóò rò pé ọmọ òun lọ kọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó ọparun fún àwọn ọmọ CM1 (kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), mo ní kí wọ́n ṣe afárá tó lè gbé bíríkì kan. Ọmọbìnrin kan to igi mẹ́rin ní onígun mẹ́rin, ó fi ìko dè é le dan-in. Ó fi ìka kan ṣoṣo tì í, gbogbo rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tú u, ó tún un dè, ó tún yẹ̀. Nígbà kẹta ló mú igi karùn-ún, ó gbé e láti igun kan dé ìkejì, onígun mẹ́rin wá di onígun mẹ́ta méjì. Ó tì í, kò mì. N kò tíì kọ́ wọn pé onígun mẹ́ta kì í yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ fún un.

Kí ló "dá" níbẹ̀? Ó ń rò ni, ọwọ́ ló sì fi ń rò. Ohun tí mo fi síwájú yín nìyẹn: ìfọwọ́rò. Ì- ni mo mú, n kò mú à-, nítorí ṣíṣe rẹ̀ ni mo ń sọ, kì í ṣe ohun tó ti tọwọ́ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àmì ohùn rẹ̀ àti àmì abẹ́ lẹ́tà ṣeré! Ìfọwọ́rọ́ ti di ọ̀rọ̀ ìfọwọ́rọ́sẹ́yìn. Ẹni tó bá sì kọ ọ́ ní "rọ", tó fi àmì sábẹ́ "o", tí kò sì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, tàbí ti ẹni tí apá rẹ̀ rọ.

Bàbá bàbá mi gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère tí wọ́n ń gbé sórí jó, kó tó di pé UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé. Mo rántí èyí tí ẹyẹ wà lórí rẹ̀, tí okùn máa ń ya ẹnu ẹyẹ náà. Kí bàbá wa tó jẹ́ kí àwọn oníjó gbé e jó, wọn á fa okùn yẹn, wọn á tún ihò rẹ̀ gbẹ́, wọn á tún fà á. Bí a bá bi wọ́n bóyá ó ti parí, wọn á ní, "Ọwọ́ mi ṣì ń wò ó." N kò gbọ́ "dá" lẹ́nu wọn rí.

Ẹni tó sì kọ ọ́ pé kí àwa ará Kétu má dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí Faransé ti ba ẹnu wa jẹ́: lédè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni èdè ààfin Alákétu, ọba wa. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán láàárín àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ kọ orúkọ iṣẹ́ náà sí pátákó. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn ju ìfọwọ́rò lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣú.