Ẹ wá sọ bẹ́ ẹ ṣe rí ẹni ra bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sọ di ilé

Onílé Orí Táyà

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí ní kọ̀rọ̀ pé báwo la ṣe rí ẹni ra bọ́ọ̀sì wa, nígbà tó jẹ́ pé tàwọn míì ti wà lójú kan látìgbà yìí, tí koríko ti ń hù yí táyà ẹ̀ ká. Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ síbí ní gbangba. Màá sọ tèmi, kẹ́ ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Bọ́ọ̀sì iléèwé ni tiwa kó tó di ilé. Ẹ́ńjìnnì Cummins 5.9 ló wà nínú ẹ̀, èyí tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan tó ń darí ẹ̀. Èmi àti ọkọ mi la tú gbogbo àga ẹ̀, a ha ilẹ̀ ẹ̀ títí a fi kan irin, a fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún kùn ún, ká tó to pákó lé e. A gbé inú ẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ dàgbà, bẹ́ẹ̀dì ò gbà wọ́n mọ́, la bá ní ká tà á.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí rèé: ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọjà gbogbo ayé. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó máa fi gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ máa wò ó, á yìn ín, á sì lọ ra èyí tí iléeṣẹ́ ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kérò ò ní ohun tó fẹ́ fi ìdáná àti bẹ́ẹ̀dì ṣe. Ẹni tó máa rà á ni ẹni tó ti bá ara ẹ̀ sọ ọ́ pé inú bọ́ọ̀sì lòun fẹ́ máa gbé, àmọ́ tí kò ráyè ṣe é fúnra ẹ̀, tàbí tí kò ní irinṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn ti ra bọ́ọ̀sì òfìfo rí, tí iṣẹ́ ẹ̀ wá mu wọ́n lómi. Irú wọn mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Torí náà, àárín àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ la ti wá oníbàárà. Ibikíbi tá a bá páàkì sí mọ́jú, a máa ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. A lọ síbi táwọn ẹlẹgbẹ́ wa ti ń kóra jọ, a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, a ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tan iná, kí wọ́n ṣí omi. Ẹni tí kò rà lónìí lè mọ ẹni tó ń wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wa páàkì lọkùnrin tó rà á ti gbọ́. Nígbà tó dé, kò tiẹ̀ wọlé. Ó kí wa tán, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó sì rá wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré kan. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń kan irin wò, kó, kó, kó. Tó bá dún ketekete, á sún síwájú. Tó bá dé ibi tí ohùn ẹ̀ bò, á dúró, á fi èékánná ha á, á tanná sí i. Ibi tó pẹ́ sí jù ni ìdí táyà ẹ̀yìn, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ ti máa ń ta lu irin. Nígbà tó jáde, eruku kún irùngbọ̀n ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní fọ́tò ilẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bò ó?"

A ní in. Gbogbo iṣẹ́ la yà: irin ilẹ̀ kó tó gba ọ̀dà, wáyà kó tó wọnú ògiri, páìpù omi kó tó fara sin. Ọkọ mi tún fọwọ́ ya bí wáyà ṣe lọ sórí ìwé fífẹ̀ kan. Ó kọ ibi tí iná bátìrì ti yà kúrò lára iná tá à ń fà láti ìta, ó sì kọ fíúsì tó ń ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin yìí tẹ́ ìwé náà sórí itan ẹ̀, ó ń fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ. Mo fẹ́ràn kọ́tìnì tí mo fọwọ́ ara mi rán, àmọ́ ìwé yẹn ló ta ọkọ̀.

Ó yá, ta ló kàn?

Ajórin

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lábẹ́ ni wọ́n ti wo tiyín, òkè ni wọ́n ti wo tèmi.

Inú bọ́ọ̀sì iléèwé kì í sábà ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fi ohun tó ń dènà òtútù àti ooru sókè, tẹ́ ẹ to pákó sílẹ̀, á tún dín kù. Èèyàn gíga ni mí, torí náà mo gé tèmi láàárín fèrèsé, mo gbé òrùlé ẹ̀ sókè, mo fi irin tuntun jó o pa dà. Nígbà tí mo fẹ́ tà á, gíga inú ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìpolówó. Àwọn tó ga ń jìyà nínú ọkọ̀ o. Wọ́n á tẹrí ba fọ abọ́, wọ́n á tẹrí ba wẹ̀.

Tọkọtaya kan ló wá. Ọkọ ga jù mí lọ. Ó wọlé, ó rọra nàró, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sáàárín orí ẹ̀ àti àjà, ọwọ́ ẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá. Ìyàwó ẹ̀ wò ó, ó ní, "Ó ti tán nìyẹn." Lóòótọ́, wọ́n ṣì yẹ gbogbo ẹ̀ wò, wọ́n sì ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wá látọ̀dọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ tó yẹ ibi tí mo jó wò. Ó wà lọ́wọ́ mi, mo fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé òrùlé sókè, ẹ má tà á láìsí irú ìwé yẹn. Kẹ́ ẹ sì wọn gíga ìta náà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tójú awakọ̀ ti máa tó o, torí afárá.

Akọ̀wé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ọjà ń bà jẹ́ lójú mi.

Bọ́ọ̀sì tí ìwé ẹ̀ ṣì ń pè ní ọkọ̀ akérò, iléeṣẹ́ adójútòfò kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Oníbàárà á dé, á nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ máa dúnàá dúrà tán, á wá pe iléeṣẹ́ adójútòfò ẹ̀, wọ́n á ní àwọn ò gbà. Ó parí. Torí náà, kí n tó fi fọ́tò kan ṣoṣo síta ni mo ti lọ yí ìwé tèmi pa dà sí ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé inú ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń wò yàtọ̀ láti ibì kan síbòmíì, àmọ́ ó sábà máa ń jẹ́ bóyá bẹ́ẹ̀dì wà tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ibi ìdáná, omi, àti tábìlì. Wọ́n tún lè béèrè fọ́tò.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìwé ìwakọ̀ tí gbogbo èèyàn ní, ìyẹn B, kì í sábà kọjá ọkọ̀ tí ìwọ̀n tí wọ́n fún un láṣẹ jẹ́ 3,500 kìlógíráàmù. Ìwé ìwakọ̀ tó tún ga jù ú lọ, ìyẹn C1, ló ń gbé yín dé 7,500. Bọ́ọ̀sì ńlá ju méjèèjì lọ. Ẹ ò rí i pé ìwé ìwakọ̀ nìkan ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú àwọn tó lè rà á? Mo gbé tèmi lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ nígbà tí omi kún inú táǹkì, torí lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Mo kọ iye tó wọ̀n sínú ìpolówó, mo kọ irú ìwé ìwakọ̀ tó gbà. Àwọn tó pè dín kù gan-an. Àwọn tó pè sì lè wà á relé.

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn àtijọ́ ni tèmi, Detroit Diesel 8V71 ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Sílíńdà mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba íǹṣì kúbíìkì 71, ibẹ̀ ni nọ́ńbà orúkọ ẹ̀ ti wá. Ọdún 1938 ni ẹbí ẹ́ńjìnnì yẹn ti jáde. Kì í ṣe bí dísẹ́lì òde òní, torí gbogbo ìgbà tí kírànkì, ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, bá yí lẹ́ẹ̀kan ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń jó epo. Ariwo ẹ̀ ga ju eré tó ń sá lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ dọ́kàn.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó kéré lọ́jọ́ orí ò fọwọ́ kan irú ẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè tà. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa pa á. Nítorí náà mo ń dúró de ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin kan wá láàárọ̀ kùtù, ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n má tan án kóun tó dé. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó tutù. Ó ní, "Bàbá, irú ọ́ìlì wo lẹ ń bù sí i?" Mo ní SAE 40, ọ́ìlì tí kíki ẹ̀ jẹ́ oníwọ̀n kan ṣoṣo. Ṣe lojú ẹ̀ là. Ẹni tó bá ń bu 15W-40 tí wọ́n ń bù sí dísẹ́lì òde òní sí i ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ó ní kí n tan án, ó dúró lẹ́yìn, ó ń wo èéfín. Lẹ́yìn náà ó gba ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ ọ́ìlì wò, kí wọ́n lè sọ bóyá irin ti ń fọ́ sínú ẹ̀ tàbí omi ti ń wọ̀ ọ́. Ó dùn mọ́ mi pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè ṣe ìyẹn kó tó san owó, á máa tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn tó bá san án.

Àbúrò Awakọ̀

Ẹ kú ẹ̀kọ́ sà. Èmi ní kí n kìlọ̀ fúnra wa, torí àwọn gbájúẹ̀ ti mọ̀ pé ọjà yìí kì í yá, wọ́n sì mọ̀ pé ara ń kán ẹni tó ń tà á.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun ò sí nílé, òun ò nílò láti wá wò ó, òun máa fi sọ̀wédowó ránṣẹ́, aṣojú òun á wá gbé ọkọ̀. Kò bi mí léèrè nípa ẹ́ńjìnnì, kò bi mí léèrè nípa táyà. Sọ̀wédowó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ ju iye tí mo pè lọ, ó wá ní kí n fi èyí tó lé ránṣẹ́ sí aṣojú. Mo gé ọ̀rọ̀ kúrú níbẹ̀. Irú sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé ó ti wọlé sí báǹkì, ó wá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó sọ pé ayédèrú ni, owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ gbé inú ọkọ̀ yín máa fẹ́ fojú rí i. Ẹ jẹ́ kí báǹkì tiyín fìdí owó múlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹni Tó Rà

Ẹ jẹ́ kí n sọ látọ̀dọ̀ oníbàárà. Táyà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, torí àwọn ọkọ̀ yìí kì í rìn púpọ̀, ojú táyà wọn ṣì máa ń dán, àmọ́ rọ́bà ti gbó. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Olówó bọ́ọ̀sì tó kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìpolówó láìjẹ́ pé mo béèrè, òun ni mo lọ bá. Mo tún bi í léèrè irú bátìrì tó wà níbẹ̀, ó ní lithium ni, ó sì fi kún un fúnra ẹ̀ pé kí n má ṣe gba iná sí i nígbà tó bá tutù ju òdo Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ, torí á bà á jẹ́. Mo gbà á gbọ́ lórí gbogbo ohun tó kù.

Onílé Orí Táyà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Àwọn kan ń bi mí pé báwo la ṣe mọ iye tá a máa pè. A wo iye tí bọ́ọ̀sì òfìfo irú ẹ̀ ń lọ, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ le, a fi iye táwọn ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó lé e: sólà, bátìrì, fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ò sí nínú ẹ̀. Ó dun ọkọ mi, torí òru ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló fi ṣe àwọn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa san owó òru wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe iye iṣẹ́ yín mọ́ ọn, ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì ń há sí.

Ọjọ́ tó wá san owó, a ní kó sùn síbẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú wa. A fi bí wọ́n ṣe ń da omi ìdọ̀tí nù hàn án, bí wọ́n ṣe ń ti gáàsì, ibi tí ẹnu ẹ̀rọ omi máa ń le sí, fèrèsé tó yẹ kó kọ́kọ́ tì tí òjò bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣì máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti bèèrè nǹkan, mo sì máa ń dá a lóhùn.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnì kan tó ní 8V71 fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi nísinsìnyí pé òun ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n darí ẹ̀ sí yín?

Bàbá Ẹ́ńjìnnì

Ẹ darí ẹ̀ wá, ọmọ mi. Ẹ sọ fún un kó má tan án kí n tó dé.