Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: DNA hámstà ń já mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa kíka jínómù (gbogbo DNA tó wà nínú ẹ̀dá kan). Hámstà Síríà, ẹranko kékeré bí eku, ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí, èyí tí COVID-19 máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà bíi tènìyàn. Krómósómù (okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì) 44 ló ní. Jínómù rẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tò lọ́dún 2013 kún fún àlàfo; ọ̀wọ́ jíìnì interferon alpha, tí ara fi ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì, ò sí níbẹ̀. Ìyẹn ló ká mi lára jù. Mo fẹ́ ka DNA gígùn kí n lè dí àwọn àlàfo náà, àmọ́ èyí tí mo yọ nínú ẹ̀dọ̀ ń já wẹ́wẹ́ kó tó dénú ẹ̀rọ tó ń kà á, bẹ́ẹ̀ pípẹ́ẹ̀tì (ohun tí a fi ń fa omi) ẹlẹ́nu gbòòrò ni mò ń lò, n kì í sì í gbọ̀n ọ́n. Ṣé kíndìnrín dáa jù ni? Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí tiyín ò já, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe tọ́jú ẹran ara náà kẹ́ ẹ tó yọ ọ́?