Àpẹ́ńdíìsì màmá mi wú, àmọ́ kò dùn wọ́n: kí ló kàn lẹ́yìn CT scan?

Ẹ̀yin dókítà àtẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka àwòrán inú ara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Màmá mi, ẹni ọdún 61, ṣe ultrasound torí ìsàlẹ̀ ikùn wọn tó ń wúwo lápá ọ̀tún. Èsì ní kókó olómi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹyin wọn. CT scan (àwòrán inú ara tí wọ́n fi X-ray yà) ní rárá o, àpẹ́ńdíìsì ni, ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá: ó fẹ̀ tó mílímítà 19, omi kún inú rẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lára ògiri rẹ̀, tí wọ́n ní kálísíọ̀mù ló dì síbẹ̀. Kò sí ibà, kò sí èébì. Wọ́n kọ “mucocele” (ìyẹn àpẹ́ńdíìsì tó wú torí ohun yíyọ̀ tó kún inú rẹ̀) sínú ìwé, wọ́n wá fi àmì ìbéèrè sí i.

Mo ti kà á pé tó bá ti fẹ̀ ju mílímítà 15 lọ, mucocele ni kéèyàn fura sí. Mo tún kà á pé wọn kì í fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa á wò, torí tó bá bẹ́, ohun yíyọ̀ inú ẹ̀ lè tàn ká gbogbo ikùn. Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Dókítà kan ní ká lọ ṣiṣẹ́ abẹ tààrà, òmíràn ní ká ṣe MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì yà) ná. Mo gbé àwòrán náà lọ bá ẹlòmíì, “ó lè jẹ́, ó lè má jẹ́” lòun náà sọ.

Kí ni MRI lè fi hàn lára ògiri àpẹ́ńdíìsì yìí tí CT scan ò rí, tó máa yí irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa ṣe padà? Àbí colonoscopy (kí wọ́n ti ihò ìdí ki kámẹ́rà bọ ìfun ńlá) ló yẹ kó ṣáájú?