Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọsibítù nígbà kòrónà, ẹ wá sọ tẹnu yín

Àdùkẹ́ Ìṣọlọ̀
Mo wo fíìmù 76 Days lálẹ́ àná, oorun ò kùn mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n yà o, kì í ṣe eré. Inú ọsibítù mẹ́rin ní Wuhan ni, láti ìgbà tí wọ́n ti ìlú náà pa ní 23 January 2020 títí wọ́n fi ṣí i ní 8 April. Kò sí ẹni tó ń ṣàlàyé fún yín, kò sí ẹni tó jókòó tó ń dáhùn ìbéèrè. Wọ́n kàn gbé kámẹ́rà tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì kiri ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, òṣìṣẹ́ ọsibítù kan ń ké pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí bàbá òun kí wọ́n tó gbé e lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dì í mú, wọ́n ń rán an létí pé iṣẹ́ ṣì ń bẹ níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo pa á, mo lọ mu omi kí n tó padà.

Ibi tó wá ká mi lára jù ni fóònù àwọn tó ti kú. Wọ́n kó o jọ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì àgbà ń fi oògùn apakòkòrò nù ún, ó ń pe àwọn ẹbí kí wọ́n wá gba ẹrù èèyàn wọn. Fóònù kan ṣì ń tàn.

Báwo ló ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín? Ẹni tó ń tọ́jú èèyàn àti ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, gbogbo yín ni mò ń bi.

Baba Kẹ́hìndé
Ṣé èyí tí Bimbo Akintola ṣe ni? Mo ti wò ó tipẹ́.

Àdùkẹ́ Ìṣọlọ̀
Rárá sà. 93 Days nìyẹn, ti Ebola. Èyí ni 76.

Ọmọ Mushin
Ẹni tó bá máa ṣe tiwa kó pè é ní "Ọjọ́ Mélòó La Ó Fi Retí Owó Oṣù".

Baba Kẹ́hìndé
Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ò gbàgbé 2014. Dókítà Adadevoh tí Bimbo ṣe níbẹ̀ yẹn, òun ló kọ̀ tí kò jẹ́ kí Sawyer, ará Liberia tó gbé Ebola wọ Èkó, jáde sígboro. Àrùn náà ló sì pa á ní 19 August. Nínú oṣù yẹn kan náà ni àwa ń jí lóru láti fi omi iyọ̀ wẹ̀, torí wọ́n ní ó ń lé Ebola.

Ọmọ Mushin
Bàbá, ẹ̀yin náà wẹ̀ ẹ́?

Baba Kẹ́hìndé
Ìyá Kẹ́hìndé ló pọn omi. Ta ni mo jẹ́ tí mo fi máa kọ̀?

Ìyá Tóyìn
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tipẹ́, n kì í dá sí i. Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn ló mú mi dá sí i lónìí.

Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni mo wà nílùú London. Nígbà tó fi máa di April, wọ́n ti kó gbogbo wa sí ti kòrónà, bóo mọ̀ ọ́n, bóò mọ̀ ọ́n. Ẹbí kankan ò lè wọlé. Tábílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní, inú ọ̀rá la sì ń dì í sí kó lè ṣeé nù. Bàbá kan ń bẹ níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé kì í dáhùn tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, pé ó ti ń ṣèrànrán. Bàbá ò ṣèrànrán o. Àìsàn ló gbé Gẹ̀ẹ́sì lọ lẹ́nu wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ ǹlẹ́ sà", wọ́n lajú, wọ́n ní "Ọmọ ta ni ọ́?" Kí n tó dáhùn wọ́n ti ń rojọ́ fún mi pé tíì ibẹ̀ ò ní ṣúgà.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní ká pe àwọn ọmọ, ọ̀kan wà ní Manchester, èkejì wà ní Ìlọrin. Ìyá àgbà kan tún bá wọn wọlé láti ilé, àbúrò bàbá ni. Ẹkún ò jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n. Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlálọmí... bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì já. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò wọlé. Bàbá ò sì gbé ojú kúrò lára tábílẹ́ẹ̀tì yẹn. Ni mo bá gbà á lẹ́nu ìyá, mo ń kì wọ́n lọ. Ọmọ Èkìtì ni mí o! Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo dé "ìjàkadì lorò Ọ̀fà", èyí tó kù sá lórí mi, mo bá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Òógùn ti bo awò ojú mi, mi ò ríran mọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ará Philippines, dúró nídìí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àdúrà ló rò pé mò ń gbà, gbogbo ibi tí mo bá ti mí, á ní "Amen".

Ìyá padà wọlé. Wọ́n parí ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ kejì ni bàbá tó lọ.

Àdùkẹ́ Ìṣọlọ̀
Àǹtí mi. Ẹ ò ní fi irú ẹ̀ gbà á. "Amen" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún pa mí lẹ́kún.

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín Gidi
Ẹ kú iṣẹ́ ma, ẹ ṣé fún wa. Ṣùgbọ́n agboolé wo ni bàbá? Gbogbo ọmọ Ọ̀fà ló ni ìjàkadì. Ó yẹ kí ti agboolé wọn tẹ̀ lé e.

Ọmọ Mushin
Ẹni tó wà nínú aṣọ ọ̀rá látàárọ̀, agboolé lẹ̀ ń bi í!

Ìyẹ̀rú Ọ̀kín Gidi
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ orin fújì ki bàbá yín, kò lè yé yín.

Ọmọ Mushin
Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀ o.

Alákòóso Ìwé
Ìbéèrè kan. Ta ló fún wọn láyè ní Wuhan kí wọ́n máa ya ẹni tó ń kú lọ? Ká ní ìyá mi ni, màá pe ẹjọ́. Ti àǹtí yìí dára torí kámẹ́rà ò sí níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Ìṣọlọ̀
Mo rò ó bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe pé ẹnì kan yà á, kí la máa mọ̀? Li Wenliang, ọ̀kan lára àwọn dókítà tó kọ́kọ́ ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lólobó ní Wuhan, ọlọ́pàá ló pè é kó wá tọwọ́ bọ̀wé pé irọ́ lòun ń tàn kálẹ̀. Oṣù February ló kú. Àwọn mẹ́ta ló darí fíìmù yìí: Hao Wu wà ní New York tó ń tò ó pọ̀, àwọn méjì tó ń ya á wà ní Wuhan, ọ̀kan nínú wọn ò sì fi orúkọ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ ro ìdí ẹ̀.

Alákòóso Ìwé
Ìyẹn ò sọ pé ìyá mi gbà.

Tẹ́lọ̀ Àgbà
Kẹ́ ẹ má bínú o, inú tẹlifíṣọ̀n ni kòrónà Nàìjíríà wà. Ní àdúgbò tiwa, kò pa ẹnì kankan. Ebi ìsémọ́lé ló fẹ́ pa wá.

Sister Bísí
Ẹ kú orí ire, ẹ̀gbọ́n. Ibùdó ìyàsọ́tọ̀ kan l'Ékòó lèmi ti ṣiṣẹ́. Àwọn tí nǹkan kan ò ṣe pọ̀ ju àwọn tó ń kú lọ, mi ò ní purọ́. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ náà nìyẹn. Ọkùnrin kan máa ń dúró lójú fèrèsé, á máa pariwo pé a ń fi òun gbowó lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ó ní kí n ṣí ìbòmú kí òun mọ ojú ẹni tó ń fi òun ṣòwò. Nígbà tí èémí wá ń há a lóru ọjọ́ kan, orúkọ ta lẹ rò pé ó ń ké? A fi ọ́síjìn sí i, a ní kó dojú bolẹ̀ sùn, a jókòó tì í di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó yè é. Lọ́jọ́ tó ń lọ ilé, ó ní ọ́síjìn wa ló kó àìsàn bá òun.

Ọmọ Mushin
😂😂 Ọmọ àdúgbò Tẹ́lọ̀ ni!

Sister Bísí
Ẹ rín. Lanlọ́ọ̀dù mi gbọ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti géètì mọ́ mi síta. Owó ewu iṣẹ́ wa ṣáájú kòrónà, 5,000 náírà lóṣù. Kí la fẹ́ fi háyà ilé níbẹ̀? Ẹ ń bú àwọn dókítà nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní June 2020, èmi ò bú wọn.

Ìyá Tóyìn
Àwọn ará ibí ń pàtẹ́wọ́ fún wa ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ní gbogbo Thursday. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, mo ń wo fèrèsé, mo ń ro aṣọ tí mo máa wọ̀ wọ wọ́ọ̀dù lọ́la. Àwa aláwọ̀ dúdú ni ikú yẹn pọ̀ láàárín wa jù. Dókítà Alfa Saadu, ọmọ Pàtígì ní Kwara, ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń lọ tọ́jú èèyàn. Ó kú ní 31 March.

Tẹ́lọ̀ Àgbà
Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mi ò ní kò sí níbi kankan, mo ní kò sí ní àdúgbò wa.

Baba Kẹ́hìndé
Kòrónà ò sí ní àdúgbò yín, ṣùgbọ́n ìrẹsì kòrónà dé ọ̀dọ̀ yín. October yẹn tí wọ́n já ilé ìkẹ́rùsí pálíétífù ní Mazamaza, ta ni mo rí tó gbé àpò lórí?

Tẹ́lọ̀ Àgbà
Ẹ̀yin náà ń ṣe kí lẹ́ ẹ fi rí mi?

Baba Kẹ́hìndé
Mò ń kọjá lọ ni.

Ọmọ Mushin
Pẹ̀lú páálí ìńdómì lábẹ́ apá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí.

Àjíkẹ́ Alágbo
Èmi ò dé ọsibítù rárá. Ìyá mi se ewé dóńgóyárò, atalẹ̀, aáyù, wọ́n fi aṣọ bò mí lórí ìkòkò. Ọ̀sẹ̀ kejì mo ti dé ọjà.

Sister Bísí
Ọ̀pọ̀ ni ara rẹ̀ yá láìlo nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún omi gbígbóná yẹn, mo ti wẹ ojú egbò rẹ̀ rí.

Àjíkẹ́ Alágbo
Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ìkòkò ló máa jóná.

Alákòóso Ìwé
Àǹtí Àjíkẹ́, ìwọ̀n atalẹ̀ mélòó? Ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ Ẹtì.

Sister Bísí
Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò!