Folk metal ilẹ̀ Fínlándì: èwo ló jẹ́ ti àwọn abọ̀rìṣà àtijọ́, báwo la sì ṣe ń gbé e sórí gìtá?

Akéwì:
Folk metal ni orin metal, orin gìtá oníná tó le, tí wọ́n pò mọ́ orin ìbílẹ̀. Tí ẹ bá ń wá ohun tó dàgbà jù nínú orin yìí, ẹ má wo awọ ẹran àti ìwo tí wọ́n ń gbé sórí ìtàgé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ọ̀rọ̀ ni kí ẹ wò. Ìlà orin runo, ìyẹn orin àbáláyé àwọn ará Fínlándì àti Karelia (agbègbè tó wà láàárín Fínlándì àti Rọ́ṣíà), máa ń ní sílébù 8. Ìró ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń jọra, kì í ṣe ti ìparí ìlà. Ìlà kejì á wá tún ohun tí ti ìṣáájú wí sọ lọ́nà mìíràn.

Èrò tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ẹni tó mọ orírun nǹkan ló lè pàṣẹ fún un. Nínú Kalevala, ìwé ìtàn akọni tí wọ́n fi orin runo to, àáké gé Väinämöinen, akọni arúgbó tó ń fi orin ṣe oògùn, lórúnkún, ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Bàbá arúgbó tó fẹ́ wò ó ò rí i ṣe, nítorí ó ti gbàgbé bí irin ṣe dáyé, títí Väinämöinen fúnra rẹ̀ fi ka orírun irin sí i létí. Ẹni tó bá mọ ọfọ̀ á mọ ìlànà yìí lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ orin, kó má kàn to orúkọ òrìṣà jọ. Kó kọ́kọ́ sọ ibi tí iná, irin tàbí òtútù ti wá, kó wá pàṣẹ fún un lẹ́yìn náà.

Ọ̀pìtàn:
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ọwọ́ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mikael Agricola, àlùfáà tó kọ ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ lédè Finnish, to orúkọ àwọn òrìṣà náà sílẹ̀ ní 1551 kó lè bá àwọn tó ń bọ wọ́n wí. Ó ní Tapio ń fúnni lẹ́ran igbó, Ahti ń fúnni lẹ́ja, wọ́n sì máa ń mu ife ọtí ní orúkọ Ukko, òrìṣà ààrá, nígbà ìfúnrúgbìn. Ìyẹn ni pé orin ọtí tí àwọn èèyàn fi ń fojú kéré folk metal ní gbòǹgbò nínú ìbọ, bí ẹni tó ń kọ ọ́ tilẹ̀ ti gbàgbé.

Elias Lönnrot, dókítà oníṣègùn, ló rìn lọ sí Karelia lọ kó orin jọ. Kalevala àkọ́kọ́ jáde ní 1835, èyí tó gùn jáde ní 1849 pẹ̀lú orin 50. Òun ló so wọ́n pọ̀ di ìtàn kan. Nínú orin ìkẹyìn, ọmọ tí wúńdíá bí ló lé Väinämöinen lọ, ẹ̀sìn Kristi sì hàn gbangba níbẹ̀. Inú Kalevala ni Amorphis, ẹgbẹ́ metal ilẹ̀ Fínlándì, ti mú ọ̀rọ̀ àwo orin *Tales from the Thousand Lakes* ní 1994. Kanteletar, ìwé orin mìíràn tí Lönnrot kó jọ, ni wọ́n lò fún *Elegy* ní 1996.

Ẹ má sì da joik pọ̀ mọ́ runo. Àwọn Sámi, ọmọ ìbílẹ̀ apá àríwá Fínlándì àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, ló ni joik, ìyẹn orin ìbílẹ̀ tiwọn. Àwọn míṣọ́nnárì fòfin dè é, wọ́n sì dáná sun ìlù wọn. Jonne Järvelä, olórin folk metal, kọ orin lédè Sámi nínú ẹgbẹ́ Shaman kí ẹgbẹ́ náà tó di Korpiklaani. Ní ti humppa tí ẹgbẹ́ folk metal Finntroll ń lò, ijó ọ̀rúndún ogún ni. Ó dùn, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò bá òrìṣà kankan tan.

Onílù:
Ìlù ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń bà á jẹ́. Orin runo tó wọ́pọ̀ ní lílù 5 nínú ìlà kan: sílébù 6 àkọ́kọ́ gba ìdajì lílù kọ̀ọ̀kan, 2 tó kẹ́yìn gba lílù kan kan. 3 àti 2, ó di 5. Tí onílù bá lù ú ní 4 bó ṣe mọ́ ọn lára, ìlù ẹsẹ̀ á máa yẹ̀ kúrò lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ó di ìparí ìlà kẹrin, lẹ́yìn lílù 20, kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ pọ̀.

Àwọn kan máa ń fún sílébù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ìdajì ìdajì kó lè di 4. Kò burú létí, àmọ́ ó ti di ìrìn ológun nìyẹn. Ìparí ìlà tí wọ́n fà gùn, níbi tí olórin kejì ti máa ń wọlé kó lè gba ìlà náà tún kọ, á sọnù pátápátá. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 5. Ẹsẹ̀ méjèèjì lórí pẹ́dàlì á tẹ̀ lé sílébù 6 àkọ́kọ́, wọ́n á sì dúró ní lílù 4 àti 5 kí snare, ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù, nìkan dún. Kí gìtá di kọ́ọ̀dù kan mú, kó má yí i títí dé lílù 4.

Oníṣẹ́ Míksà:
Kantele olókùn 5, ohun èlò orin ìbílẹ̀ Fínlándì tí wọ́n ń fi ìka ta, ni wàhálà tèmi. D, E, F♯, G, A ni wọ́n máa ń yí i sí. Tí ẹ bá dẹ okùn àárín wálẹ̀ sí F, orin á di ti ìbànújẹ́. Ẹ dẹ okùn tó nípọn jù lára gìtá wálẹ̀ sí D, kí ẹ sì máa lu ìpìlẹ̀ àti ohùn karùn-ún nìkan. Ẹ má fi ohùn kẹta sí i: distortion, ìyẹn ohùn gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó há, á sọ ọ́ di ariwo, á sì bá okùn àárín kantele jà, bẹ́ẹ̀ okùn yẹn gan-an ló yẹ kó sọ bóyá orin ń yọ̀ tàbí ó ń sunkún.

Lórí ìtàgé, ẹ má gbé máíìkì síwájú rẹ̀. Ohùn ìlù ló máa gbé. Ẹ lẹ piezo, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn láti inú gbígbọ̀n pákó, mọ́ pákó rẹ̀ lábẹ́, kí ẹ kì í sínú preamp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn kékeré ga, tí ìdènà iná ní ẹnu ìwọlé rẹ̀ tó 1 megohm, ó kéré tán. Tó bá kéré sí ìyẹn, ohùn ìsàlẹ̀ á lọ, ohun tó kù á tín-ín-rín, á sì máa gúnni létí. Ẹ wá gé gìtá díẹ̀, bíi 3 dB, láàárín 2 àti 3 kHz níbi tí kantele bá ti wọlé. Nínú sítúdíò, máíìkì dáa ju piezo lọ, nítorí kò sí ìlù nítòsí, ẹ sì máa gbọ́ bí pákó ṣe ń dáhùn sí okùn.