Àbọ̀ ìrìn-àjò wa sí adágún Como

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo bi yín nígbà yẹn pé ìlú wo ni kí a dé sí létí adágún Como ní Ítálì, àti pé ṣé ká háyà mọ́tò. Àbọ̀ rèé.

Varenna la dé sí, a ò sì háyà mọ́tò. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Tirano láti Milano Centrale, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú Milan, ló gbé wa débẹ̀, bíi wákàtí kan. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé lẹ rà, ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tó wà ní ibùdókọ̀ lu òǹtẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀, torí wọ́n ń gba owó ìtanràn. Títì etí adágún yẹn tóóró gan-an. Ẹni tó ní ká má wa mọ́tò, ẹ kú oore!

Ọkọ̀ ojú omi ló so àwọn ìlú etí adágún náà, Varenna, Bellagio, Menaggio àti Cadenabbia, pọ̀. Èyí tó ń sáré wọ́n jù, inú rẹ̀ lẹ sì máa jókòó sí. Ẹ wọ èyí tó ń rọra lọ, kẹ́ ẹ lè ríran. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ jáde, pàápàá lọ́jọ́ Àìkú.

Bellagio rẹwà, àmọ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Ìyá ọkọ mi kọ̀, ó ní òun ò gun òkè kankan mọ́. Ilé oúnjẹ a máa fi owó ìjókòó kún owó yín, "coperto" ni wọ́n ń pè é.

Mo ti padé ìbéèrè mi. Ẹni tó ń lọ sí adágún Garda, kó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.